Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí lẹ́tà skọ́láṣíìpù yìí o

Ọmọ Oníkajú: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, LAUTECH ni mo ti kàwé iṣẹ́ ọ̀gbìn. Láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni mo ti ń bá àwọn àgbẹ̀ oníkajú ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ gba skọ́láṣíìpù DAAD, àjọ ilẹ̀ Jámánì tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, lọ ṣe máásítà ní Jámánì, wọ́n sì ní kí n kọ lẹ́tà tí màá fi sọ ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Inú ìṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀kọ ni ìyá mi ń tà tó fi tọ́ wa..." Ẹ má wojú mi o, ẹ sọ òótọ́.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, yọ "láti kékeré" yẹn kúrò. Gbogbo ayé ló ń kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Jámánì: Mo ti jẹ nínú owó wọn rí. Tó bá jẹ́ ẹ̀ka EPOS ni, ìyẹn èyí tó wà fún àwa tá a wá láti orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 ó kéré tán ni wọ́n ń wá, ìwé ẹ̀rí rẹ ò sì gbọdọ̀ ti ju ọdún 6 lọ. Iṣẹ́ tó o ń ṣe lọ́wọ́ ni kí lẹ́tà náà dá lé. Kí lo ṣe? Kí ló yí padà? Kí ni ò yé ẹ, tí kọ́ọ̀sì yẹn fẹ́ kọ́ ẹ? Wọn ò pín owó náà nítorí àánú.

Bàbá Ẹlẹ́rọ: Èmi ò gbà kó yọ ìyá rẹ̀ kúrò o.

Ìyá Ìbejì: Kí màmá dúró, sà. Ìlà kan péré.

Ọmọ Oníkajú: Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣe nǹkan bàbàrà kankan o. Mo kàn ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sá kajú ni.

Ẹ̀gbọ́n Jámánì: Ṣàlàyé.

Ọmọ Oníkajú: Ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń sá a sí. Tí òjò bá pa á, á bu. Tí oníbàárà bá dé, á yọ ọ̀bẹ, á la mélòó kan wò. Tí inú rẹ̀ bá ti dúdú, á já owó wálẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa sá a sórí tapólì, kí wọ́n máa kó o wọlé lálẹ́, kí wọ́n sì máa mì ín létí kí wọ́n tó dì í sápò. Tó bá ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ti gbẹ nìyẹn. Àwọn tó wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé níbí kì í gba owó pọ́ọ́kú mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Jámánì: O ní o ò ṣe nǹkan kan! Ọ̀bẹ oníbàárà yẹn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Kọ iye àgbẹ̀ tó o kọ́, iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀ àti iye tí wọ́n ń tà á báyìí. Má bù mọ́ ọn o, wọ́n lè béèrè.

Ọmọ Under G: Ṣé kò kúkú ní kí ChatGPT kọ ọ́?

Ìyá Ìbejì: Kó bá a tún gírámà ṣe, ìyẹn ò burú. ChatGPT ò dé ọ̀nà Ìkòyí rí.

Ọmọ Oníkajú: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n kọ pé màá padà wálé?

Ẹ̀gbọ́n Jámánì: Kọ ọ́, ṣùgbọ́n "màá ran Nàìjíríà lọ́wọ́" lásán ò tó. Sọ ohun tó o fẹ́ padà wá ṣe nídìí kajú náà, àti àwọn tó o fẹ́ bá ṣe é. Fi ọwọ́ ara rẹ buwọ́ lù ú, wọ́n ń wo ìyẹn. Kó o sì lọ wo gbèdéke kọ́ọ̀sì tó o mú lónìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.