Ìlú tí ẹkún ti di èèwọ̀: èwo nínú àwọn ìwé yìí ló mú yín lọ́kàn jù?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìwé ọ̀dọ́, àwọn tí ìjọba ibẹ̀ fòfin de ìfẹ́, ìbínú àti ẹkún, ẹ wá sọ tiyín. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí The Giver ti Lois Lowry (1993). Ibi tí bàbá Jonas, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, ti gún èyí tó fúyẹ́ jù nínú ìbejì jòjòló kan lábẹ́rẹ́ lórí, tó gbé e sínú páálí, tó sọ ọ́ sínú ihò tí wọ́n ń da ìdọ̀tí gbà, tó tún juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀, àyà mi já.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ìwé Delirium ni tèmi. Tó o bá ti pé ọdún 18, iṣẹ́ abẹ, ìfẹ́ parí.

Ìyá Ìbejì: Àdùkẹ́, ibẹ̀ yẹn ni mo ti pa ìwé yẹn dé. Ìbejì lèmi náà bí, Kẹ́hìndé ò dúró, àwọn àgbà ilé ọkọ mi ní mi ò gbọdọ̀ sunkún kí Táyé má baà tẹ̀lé e, wọ́n ní omi ló dànù agbè ò fọ́, wọ́n lọ sin ín wọn ò jẹ́ kí n mọbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí kí n sọ pé ó lọ ra iyọ̀. Mo ń fún èyí tó kù lọ́mú, ọmú kejì ń jò sí mi láṣọ, mi ò gbọdọ̀ sunkún.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

Tísà: Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, mà. Àmọ́ ẹ má fi tiwa wé ti ìlú Jonas o. Láyé àtijọ́ wọ́n á gbẹ́ ère fún ìyá, á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn kùn ún, á fún un lóúnjẹ, ọkàn á ríbi gbà. Tiwọn ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kó ìrántí gbogbo ìlú fún, àwọn yòókù ò mọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì: Ère wo, Tísà? Ṣọ́ọ̀ṣì ní òrìṣà ni. Wọ́n gba ère, wọ́n tún gba ẹkún.

Láídé: Wọ́n gba ère wọ́n tún gba ẹkún!! Àǹtí mi náà nìyẹn gẹ́lẹ́, títí dòní tá a bá dárúkọ ọmọ yẹn á dìde lọ sí kíṣìnì.

Tísà: Mo gbọ́ mà. Ẹ̀yin lẹ jàre.

Láídé: Táyé wá ńkọ́, mà?

Ìyá Ìbejì: Ó wà dáadáa. Òun ló gbé ìwé yẹn wálé.

Akin: Fíìmù tí wọ́n fi The Giver ṣe ní 2014 ló bà á jẹ́, wọ́n sọ Jonas dọmọ ọdún 16. Ọmọ 12 ni nínú ìwé! Ó sì kú sínú yìnyín níparí ìwé náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé kò kú.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Kò kú jàre. Ka Son (2012), ìwé Lowry mìíràn tó tẹ̀ síwájú nínú ìtàn náà, Gabriel, ọmọ ọwọ́ tí Jonas gbé sá lọ, ti dàgbà níbẹ̀, Jonas náà sì wà láàyè.

Akin: Ìyẹn ti lé ní ọdún 18 lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́, ìwé àkọ́kọ́ ni mo ń sọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Òǹkọ̀wé kan náà ńkọ́?