Nígbà tí The Remedies dá awuyewuye sílẹ̀ nílé wa ní Iléṣà

Ọmọ ọdún 15 ni mí ní 1998, ọdún tí Abacha kú ní oṣù kẹfà tí MKO Abíọ́lá náà sì kú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí orin "Sakomo" ti ẹgbẹ́ olórin ráàpù The Remedies gba gbogbo àdúgbò wa kan. Kò sí ojúgbà mi tí kò lè kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ ni n kò rántí àgbàlagbà kan tí ó fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Bàbá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, ni ó kórìíra rẹ̀ jù. Haruna Ishola, olórin àpàlà, ni àyànfẹ́ tiwọn, wọ́n sì gbà pé olórin gbọ́dọ̀ ní ìlù tirẹ̀, kí ó gbọ́ òwe, kí ó sì mọ ẹni tí òun ń kì. Lójú wọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, Eedris Abdulkareem, Tony Tetuila àti Eddy Montana, kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọjọ́ tí mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rẹ́kọ́dà wọn, wọ́n bi mí pé, "Ṣé orin nìyí, àbí ìjà àwọn awakọ̀ ní gáréèjì? Ìlú ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀yin ń jó!"

Mo fèsì pé ọmọ Iléṣà ni bàbá Eedris. "Ìjẹ̀ṣà wo? Ẹni tí a bí sí Kánò!" Wọ́n gbàgbé pé Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí àwọn fúnra wọn sí, nígbà tí bàbá wọn ń ṣe òṣómàáló, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri.

Ohun tí ó bà mí lójú jẹ́ ni kásẹ́ẹ̀tì MC Lyte, obìnrin olórin ráàpù ará Amẹ́ríkà, tí ẹ̀gbọ́n mi kan mú bọ̀ láti Èkó. Ìlù inú "Keep On, Keepin' On" tí obìnrin náà ṣe ní 1996 ni ìlù "Sakomo"! Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ọjọ́ kan ni ẹni tí ó ni ìlù náà yóò wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn ọmọ náà bí òṣómàáló, tí kò ní í dìde títí yóò fi gba owó rẹ̀. N kò gbé kásẹ́ẹ̀tì mi jáde fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé inú "Liberian Girl" ti Michael Jackson ni MC Lyte pàápàá ti yá tirẹ̀. Ajigbèsè ni ẹni tí a rò pé ó jẹ́ olówó.

Bí mo bá gbọ́ orin náà lónìí, mo máa ń gbà pé Bàbá kò purọ́ nípa òwe: ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fúyẹ́, ègbè rẹ̀ ni ó gbé e ró. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò yé wa ni àwa ọ̀rẹ́ máa ń há sórí, àwọn The Remedies sì ń sọ̀rọ̀ bí àwa ṣe ń sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ tú ká. Ní 2004, Eedris gbé "Jaga Jaga" jáde, inú bí Ààrẹ Ọbásanjọ́, ìjọba sì ní kí rédíò má ṣe lò ó mọ́. Bàbá mi, tí owó epo ti sú, pè mí sí kọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n bá àwọn wá kásẹ́ẹ̀tì ọmọ Iléṣà yẹn.