Bí a ṣe ń ka lẹ́tà àwọn ọlọ́lá olóko Virginia: ọjọ́, owó, ìbátan àti ẹ̀dà

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ka lẹ́tà tí àwọn ọlọ́lá olóko tábà ní Virginia kọ sí ẹbí wọn àti sí àwọn oníṣòwò London, láti nǹkan bí ọdún 1730 títí dé ìparí ọ̀rúndún yẹn. Ti George Washington, olóko tó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, wà lórí ìkànnì Founders Online ní títẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ìwé àfọwọ́kọ ni àwọn yòókù tó wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó ń dà mí láàmú rèé: ọjọ́ tí wọ́n kọ ọdún méjì sí, bíi 1731/2, pọ́n-ùn tó wà nínú lẹ́tà kan tí kò bá pọ́n-ùn inú èkejì dọ́gba, ẹni tí wọ́n pè ní «son in law», ìyẹn ọkọ ọmọ lóde òní, nínú ilé tí ọmọbìnrin ibẹ̀ kò tíì lọ́kọ, àti lẹ́tà kan ṣoṣo tí mo rí ẹ̀dà méjì rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ inú wọn yàtọ̀. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u palẹ̀.

Àgbà Akọ̀wé

Ọjọ́ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe, torí bí ọjọ́ bá ṣì, èsì lẹ́tà á ṣáájú lẹ́tà. Títí di ọdún 1751, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso. Ọjọ́ tó bá wà láàrin 1 oṣù Kìn-ín-ní sí 24 oṣù Kẹta ni wọ́n ń kọ ọdún méjì sí: 1731 ni òfin kà á sí, 1732 ni àwa ń pè é. Ní 1752 wọ́n yí kàlẹ́ńdà padà. Wọ́n sùn ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di ọjọ́ 14. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ ìbí Washington fúnra rẹ̀ fi jẹ́ 11 oṣù Kejì 1731/2 ní àkọsílẹ̀ ẹbí, tó sì wá di 22 oṣù Kejì 1732 ní tiwa.

Bí lẹ́tà àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, ní Pennsylvania bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ṣọ́ra gidigidi. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe oṣù bíi ti Yorùbá, àmọ́ kí 1752 tó dé, oṣù Kẹta ni oṣù kìn-ín-ní wọn. Bí o bá sì rí «inst.», oṣù tí wọ́n kọ lẹ́tà náà ni, «ult.» ni oṣù tó ṣáájú rẹ̀; «prox.» ni èyí tó tẹ̀ lé e. Orí ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà ni o ti ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó dé ọwọ́ ẹni tó gbà á.

Ní ti ẹ̀dà méjì, kò sí èyí tó jẹ́ ayédèrú. Ọkọ̀ òkun ń rì, àwọn ọ̀tá sì ń gbà á nígbà ogun. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ̀wé sí London á fi lẹ́tà rán ọ̀gá ọkọ̀ kan, á tún da á kọ, á fi ẹ̀dà rán ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ yẹn ni o rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ «Copy». Wo ìsàlẹ̀ ẹ̀dà kejì dáadáa: àfikún sábà máa ń wà níbẹ̀ tí kò sí nínú àkọ́kọ́, torí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti kọjá, iye tábà ti yí padà, tàbí ẹnì kan ti kú.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ìwé ẹ̀dà tún wà nílé, ìyẹn ìwé ńlá tí wọ́n ń da gbogbo lẹ́tà tó bá ń jáde kọ sí. Akọ̀wé ló sábà ń ṣe é, á gé ìkíni kúrò, á ké ọ̀rọ̀ kúrú. Ti Eliza Lucas Pinckney ní South Carolina, ẹni tó gbin aró elu títí ó fi di ọjà tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun, wà títí di òní. Ìwé ẹ̀dà yẹn ló sì jẹ́ kí á mọ púpọ̀ nínú ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n má gbàgbé ọ̀rọ̀ Washington: láàrin 1780 sí 1789, ó padà sí ìwé ẹ̀dà tó ti kọ nígbà ogun àwọn Faransé, ó tún gírámà àti sípẹ́lì rẹ̀ ṣe, ó sì ní kí akọ̀wé da àtúnṣe náà kọ. Ẹni tó bá ń gbé ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 23 jáde láti inú àtúnṣe yẹn, ohùn àgbàlagbà ló ń gbọ́. Lẹ́tà tó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ni kí o gbé ṣáájú bó bá wà, kí o sì kọ ìyàtọ̀ inú ìwé ẹ̀dà sí ẹ̀gbẹ́.

Ìyá Ìwé Owó

Ẹ ṣeun, Àgbà. Ẹ jẹ́ kí n bá àbúrò wa tú ti owó.

«Sterling» ni owó London. «Current money» ni ìṣirò owó ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ó sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Fi dọ́là fàdákà àwọn ará Sípéènì wọ̀n ọ́n, torí gbogbo wọn ló ń ná an: ṣílè 4 àti pẹ́nì 6 ni ní sterling, ṣílè 6 ní Virginia, ṣílè 7 àti pẹ́nì 6 ní Pennsylvania, ṣílè 8 ní New York. Ṣílè 20 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, pẹ́nì 12 nínú ṣílè kan. Lórí òṣùwọ̀n yìí, £100 Virginia jẹ́ £75 sterling. Ọjà kì í sì í dúró sójú kan. Bí lẹ́tà bá ní «exchange at 30 per cent», £130 Virginia ni wọ́n ń fi ra £100 London lọ́jọ́ náà. Iye inú lẹ́tà ni kí o lò, má fi ti ọdún kan ṣírò ti òmíràn.

Wàyí o, bí òwò náà ṣe ń lọ. Wọ́n á ki tábà gbígbẹ sínú àgbá títí á fi wúwo tó nǹkan bíi pọ́n-ùn 1,000 lórí ìwọ̀n. Láti ìgbà òfin 1730 ní Virginia, àgbá gbọ́dọ̀ kọjá níwájú àwọn alábẹ̀wò ní ilé ìkẹ́rùsí. Wọ́n á ṣí i wò, wọ́n á sun èyí tí kò dára, wọ́n á fún olóko ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí yẹn ń di owó, wọ́n ń fi san owó orí àti gbèsè. Ọ̀gá ọkọ̀ á fọwọ́ sí ìwé ẹrù, oníṣòwò London á tà á, á yọ owó orí ẹrù, owó ọkọ̀, owó alágbàrù àti èrè tirẹ̀, á wá fi ohun tó kù sí orúkọ olóko. Àkọsílẹ̀ owó yẹn àti ẹrù tí olóko béèrè ni yóò bá ọkọ̀ mìíràn padà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé olóko ń béèrè aṣọ, bàtà, irin àti tíì láìmọ iye wọn, tábà tí yóò sì san án kò tíì tà. Ẹrù á dé, bàtà kò gba ẹsẹ̀, nǹkan kan sì ti dín. Kí ẹ̀sùn tó lọ kí èsì tó bọ̀, ó lè di ọdún kan. Gbèsè ń gorí gbèsè bẹ́ẹ̀. Ka lẹ́tà Washington sí Robert Cary & Company, àwọn oníṣòwò rẹ̀ ní London, tẹ̀ léra wọn, wàá rí i bí inú rẹ̀ ṣe ń gbóná sí i; nígbà tó máa fi di nǹkan bí 1766, ó ti ń fi tábà sílẹ̀ ní Mount Vernon, oko rẹ̀, àlìkámà ló gbájú mọ́.

Ìkìlọ̀ kan tó ṣe pàtàkì: ìwé àṣẹ ìsanwó, tí wọ́n ń pè ní bill of exchange, ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n sábà ń kọ. «First», «second» àti «third» wà lára wọn, ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gbé wọn. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń san, àwọn yòókù ti kú nìyẹn. Má ka £50 lẹ́ẹ̀mẹta kí o pè é ní £150. Bí o bá sì rí «protested», oníṣòwò ti kọ̀ láti san, ìwé náà á sì padà wá bá ẹni tó kọ ọ́ pẹ̀lú ìnáwó lórí.

Arókin

Ti ìbátan ló kù. «Son in law» inú lẹ́tà ìgbà yẹn lè jẹ́ ọmọ tí ìyàwó gbé wá. Nínú lẹ́tà tí Washington kọ sí Jonathan Boucher ní 30 oṣù Karùn-ún 1768 láti wá olùkọ́ fún John Parke Custis, «my Son in law & ward» ló pè é, bẹ́ẹ̀ ọmọ Martha ìyàwó rẹ̀ ni, tí Daniel Parke Custis, ọkọ Martha àkọ́kọ́, bí. Nínú lẹ́tà kan náà, ó ní olùkọ́ àtijọ́ ti gbé inú «my Family» fún ọdún mélòó kan. Olùkọ́ yẹn kì í ṣe ìbátan. Gbogbo ẹni tó ń gbé abẹ́ òrùlé ni «family». «Brother» lè jẹ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n obìnrin tàbí àbúrò ìyàwó, «friends» sì lè jẹ́ àwọn ẹbí. Yorùbá tó ń pe ìyá ọkọ ní «Màámi» kò ní pẹ́ mọ ọ̀nà yìí.

«Junior» kò sọ pé ọmọ bíbí Senior ni. Ẹni tó kéré nínú àwọn méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan ní àdúgbò ni, bí àgbà bá sì kú, Junior lè di Senior. Nítorí náà, orúkọ oko ni kí o fi dá àwọn Carter, Lee àti Randolph mọ̀: Robert Carter ti Corotoman, tó kú ní 1732, yàtọ̀ sí Robert Carter ti Nomini Hall, ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ìgbéyàwó pàápàá wà nínú ìwé òwò. Ní 1 oṣù Karùn-ún 1759, Washington fi ẹ̀rí ìgbéyàwó láti ọwọ́ àlùfáà sínú lẹ́tà tó kọ sí Robert Cary & Company, ó sì ní kí gbogbo lẹ́tà tó kan ogún Daniel Parke Custis máa wá sọ́dọ̀ òun. Má ya àpótí ẹbí sọ́tọ̀ kúrò lára àpótí òwò. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ọ̀rọ̀ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ojú mi ti là. Ẹ dákun, ohun méjì sí i: kí ló dé tí ihò kan máa ń wà létí ìwé, tó ń jẹ ọ̀rọ̀? Àwọn wo sì ni «my people» àti «hands»?

Àgbà Akọ̀wé

Èdìdì ló fa ihò náà. Ẹni tó ń gba lẹ́tà ló sábà ń san owó rẹ̀, iye abala ìwé sì ni wọ́n ń kà. Nínú òfin ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ti 1792, abala kan jẹ́ sẹ́ǹtì 6 bí kò bá ju máìlì 30 lọ, sẹ́ǹtì 25 bó bá ju 450 lọ. Abala méjì, owó méjì. Àpò ìwé á di abala kejì, nítorí náà wọn kì í lò ó. Wọ́n á ṣẹ́ abala ńlá sí méjì kó lè ní ojú mẹ́rin, wọ́n á kọ̀wé sí mẹ́ta, wọ́n á fi ìkẹrin bo òde, wọ́n á kọ àdírẹ́sì sí i, wọ́n á wá fi ìda pupa dì í. Bí a bá ń ṣí i, ìda á fa ìwé ya. Wo ẹ̀yìn èdìdì náà lórí àwòrán kejì, èérún ìwé tó ní ọ̀rọ̀ sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí kò bá sí nǹkan, fi àmì àkámọ́ [ ] sí i, má ṣe méfò. Lójú òde yẹn kan náà, wá àkọsílẹ̀ kékeré tí ẹni tó gbà á kọ: orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ọjọ́ tó kọ ọ́, nígbà mìíràn ọjọ́ tó dé.

Arókin

«My people» àti «hands» ni àwọn ẹrú. Bí o bá kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí, o ti pa wọ́n rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn tí wọ́n fi ń ka àgbá tábà ni wọ́n fi ń kọ nípa wọn. Henry Laurens, oníṣòwò ẹrú ní Charleston, ń to àwọn èèyàn Áfíríkà ní etíkun etíkun nínú lẹ́tà òwò rẹ̀ láàrin 1750 sí 1759: ó fẹ́ àwọn tó ti Gambia wá, kò fẹ́ àwọn tó ti Calabar. Kọ gbogbo orúkọ tí o bá rí sílẹ̀ lọ́tọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn, oko tí wọ́n wà àti ọjọ́ lẹ́tà. Orúkọ kan náà lè tún jáde nínú ìwé ìpíngún tàbí ìwé owó orí.

Àwọn kan nínú wọn kọ lẹ́tà tiwọn pẹ̀lú. Ní 15 oṣù Kọkànlá 1818, Hannah kọ̀wé láti Poplar Forest, oko Thomas Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, sí Jefferson fúnra rẹ̀ tó ní i lẹ́rú, ó ní ilé àti àga rẹ̀ wà láìséwu. John Hemmings, gbẹ́nàgbẹ́nà, náà máa ń kọ̀wé sí i nípa iṣẹ́ ilé yẹn. Bí o bá ń da irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kọ, fi sípẹ́lì wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, gẹ́lẹ́ bí o ṣe máa fi ti Washington sílẹ̀.