Ìwé ọmọdé tó dá lórí ìrẹ́jẹ: báwo lẹ ṣe ń kà á pẹ̀lú wọn?

Olùkọ́ JSS, Ìbàdàn

Ìbéèrè kan ló ń ba ìwé báyìí jẹ́: "Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa?" Inú àlọ́ la ti kó o. Nínú àlọ́, Ìjàpá ló ṣebi, Ìjàpá náà ló máa jìyà rẹ̀, ó tán. Ẹ wá wo Journey to Jo'burg tí Beverley Naidoo kọ ní 1985, tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà fòfin dè títí di 1991. Ara Dineo, ọmọ ọwọ́, kò yá. Naledi àti Tiro gbéra lábúlé lọ sí Johannesburg, ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 300, kí wọ́n lè pe ìyá wọn tó ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀. Ìyá fẹ́ bá wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní ó di ọjọ́ kejì, torí òun ń lọ sóde àsè lálẹ́, ta ni yóò dúró ti ọmọ òun? Kò nà án. Ta wá ni Ìjàpá níbẹ̀? Bí ẹ bá béèrè ẹ̀kọ́, wọ́n á ní "ká máa ṣàánú ara wa", kò sì ní sí ẹni tó máa béèrè ìdí tí ìyá yẹn kò fi lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ gbé.

Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ kà á sókè fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ dúró kí ọ̀gá yẹn tó fèsì. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ìyá lágbára láti ṣe, kì í ṣe ohun tí àwọn ì bá ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fa òpó mẹ́rin sójú pátákó: ta ni, ìwé wo ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló ń fúnni ní ìwé náà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí. Ìwé páàsì, ìyẹn ìwé àṣẹ tí aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ máa gbé kiri ní Gúúsù Áfíríkà nígbà náà, ló máa wọ òpó kejì. Òfin 1952 ló mú un ní dandan fún gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ti pé ọdún 16. Ọdún 1986 ni wọ́n tó fagi lé e.

Ẹ má ṣe é ní eré o. Ọmọ tí ẹ bá fi ṣe ọlọ́pàá á gbádùn ẹ̀, ẹ̀rín á sọ, kíláàsì á dàrú. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe ẹni tí wọ́n mú ni yóò gbé ìtìjú lọ sílé.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Fún àwọn tó ti pé ọdún 11, ìwé Naidoo mìíràn tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni The Other Side of Truth, 2000. Ọmọ Èkó ni Sade àti Femi. Wọ́n yìnbọn pa ìyá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an, nítorí ohun tí bàbá wọn ń kọ sínú ìwé ìròyìn. Ẹ sọ èyí fún wọn kí ẹ tó ṣí i. Ẹ fi gbólóhùn méjì péré ṣàlàyé Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó jà fún ilẹ̀ Ogoni, tí ìjọba ológun Nàìjíríà so kọ́ ní November 10, 1995; ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Òpó mẹ́rin yẹn bá a mu rẹ́gí. Páásípọ́ọ̀tù ayédèrú ni wọ́n fi gbé àwọn ọmọ dé London, irú rẹ̀ náà ló sì kó bàbá sí àtìmọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ìwé ìgbélùú ìdílé rẹ̀ ṣì wà ní Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ìgbélùú. Ẹ má béèrè pé "ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí?" Ẹ má tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Orí Sade ni kí ìbéèrè dá lé: kí ló fi pa mọ́, ta ló sì ń dáàbò bò?

Bàbá Tèmi

Ẹ̀yin àgbà, ṣé ọmọ ọdún 8 lè ka ti Jo'burg yẹn?

Olùkọ́ JSS, Ìbàdàn

Ó lè kà á, kò gùn. Àmọ́ ẹ ka ibi tí ọlọ́pàá ti ń mú èèyàn lọ́sàn-án, kì í ṣe lákòókò oorun. Tí ẹ bá dé ibi tí dókítà ti ní kí wọ́n máa fún Dineo ní wàrà, èso àti ẹ̀fọ́, ẹ ní kí ọmọ lọ kọ iye tí wọ́n ń ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jà yín sílẹ̀, kó ṣírò ti ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣirò yẹn ju ìwàásù lọ.

Alákòóso Ìkàwé

Kí ẹ tó rà èyíkéyìí, ẹ ka orí tó gbẹ̀yìn ní ìdúró. Bí olówó kan tó kàn ń kọjá lọ bá yanjú gbogbo rẹ̀, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Ara Dineo yá ní tirẹ̀, òfin sì wà níbi tó wà. Mo fara mọ́ irú ìparí bẹ́ẹ̀.

Fún ọmọ ọdún 14 sókè, Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi, 2018. Àwọn ọmọ á lọ mọ́ idán àti orúkọ òrìṣà, wọn kì í sì í ka ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé tó wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tó ti dárúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá pa ní Amẹ́ríkà. Èmi máa ń ní kí wọ́n ka ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá parí ìtàn, kì í ṣe ṣáájú. Ní ti òpó kejì, ẹ kọ "owó orí" síbẹ̀ dípò ìwé: òun ni ọba inú ìtàn náà ń bù lé àwọn onírun funfun, ìyẹn ìran àwọn onídán, lórí títí wọn ò fi ní lè san án mọ́.