Patronus: alátìlẹ́yìn kọ́, bàbá ni

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú làálàá èdè yìí o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn Róòmù àtijọ́ ní òun fẹ́ pe patronus, ìyẹn ẹni ńlá tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn sá sábẹ́ rẹ̀ ní Róòmù, ní "alátìlẹ́yìn". Kí ẹ̀gbọ́n má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Pater, ìyẹn bàbá lédè Látìn, ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá ti ní alátìlẹ́yìn, bàbá sọnù nìyẹn.

Pater yìí náà ló di père lẹ́nu àwọn Faransé, tó di padre ní Ítálì. Àwọn Potogí tiẹ̀ yà á sí méjì: pai ni bàbá tó bímọ, padre ni fádà ìjọ Àgùdà. Ṣùgbọ́n father tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí àbúrò wa kan pè ní ọmọ pater, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n, èdè àtijọ́ kan ló bí wọn. Ibi tí Látìn ti ń pe p (kì í ṣe p tiwa tó ń dún bíi kp o), Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pe f: ẹja ni piscis, tiwọn ni fish, ẹsẹ̀ ni pes, tiwọn ni foot.

Ó yá, kí ni patronus ń ṣe gan-an? Ní Róòmù, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á ti tò síwájú ilé rẹ̀ láti kí i. Bí ọ̀ràn bá dé ilé ẹjọ́, òun ni yóò gba ẹjọ́ wọn rò. Ìlú tó wà lábẹ́ Róòmù náà a máa ní patronus tirẹ̀ láàárín àwọn ìjòyè Róòmù. Cicero, agbẹjọ́rò Róòmù kan, ló gba ẹjọ́ àwọn ará Sísílì rò ní ọdún 70 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí Verres, gómìnà wọn, kó ohun ìní wọn jẹ.

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ ò mọ ẹni yìí ni? Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àjẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú Ìbàdàn, ń gbé láàárín ìlú tí Ìbàdàn ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ìjòyè kan wà nílé tí ọ̀rọ̀ ìlú náà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bàbá kékeré ni wọ́n ń pè é.

Mo kọ́kọ́ ro bàbá ìsàlẹ̀. Àmọ́ bàbá ìsàlẹ̀ òde òní, àpò rẹ̀ lẹgbẹ́ ń wò.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Cicero ni bàbá kékeré àwọn ará Sísílì ní Róòmù." Ẹ wá fi alátìlẹ́yìn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ kà á sókè.