Kókó lẹ́yìn ẹmọ́ òyìnbó: ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Ìyá Bọ́lú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin guinea pig. Abo ni tèmi, ọmọ ọdún mẹ́ta, gíráàmù 920. Kókó kan yọ sí i lẹ́yìn, ó kù díẹ̀ kó dé ìdí. Lóṣù tó kọjá kò ju ẹ̀wà kan lọ, ó ti tó èkùrọ́ báyìí. Kò gbóná, kò dà bíi pé ó ń dùn ún, irun ibẹ̀ ti re, ihò dúdú bíńtín kan sì wà lórí ẹ̀. Ó ń jẹun dáadáa. Wọ́n ní kí n fi abẹ́rẹ́ lu ú, kí n tẹ̀ ẹ́, kí n wá fún un ní ampicillin. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Adẹ́ran
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fún un ní ampicillin rárá. Oògùn yẹn lè pa á kí kókó tó ṣe é ní nǹkan kan. Kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ìfun ẹmọ́ ló ń bá a da koríko. Ampicillin, amoxicillin, clindamycin, gbogbo wọn ń pa àwọn tó dára níbẹ̀. Kòkòrò burúkú tó ń jẹ́ Clostridium á wá gbilẹ̀, á máa tu májèlé. Ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń tẹ̀ lé e, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹranko ti lọ. Bó bá nílò oògùn, enrofloxacin tàbí trimethoprim pẹ̀lú sulfa ni dókítà ẹran sábà ń lò, wọ́n á sì fi ìwọ̀n ara ẹ̀ ṣírò ẹ̀.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀, ó jọ trichofolliculoma, ìyẹn kókó tó ń hù láti ihò irun. Ẹ̀yìn, lápá ìdí, ló sábà ń yọ sí, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohun tó máa ń wà nínú ẹ̀ rí bí ọ̀rá dídì, ó láwọ̀ eérú, irun lè wà nínú ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde, àpò tó ń pèsè ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ awọ, á tún kún. Bí àpò náà bá bẹ́ sínú, ibẹ̀ á wú, á di egbò. Gígé e pẹ̀lú àpò ẹ̀ ló ń parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí dókítà kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ wò. Ojú lásán ò tó.

Ọ̀rẹ́ Ẹmọ́
Òótọ́ ni. Ibi tí kókó wà ń sọ púpọ̀. Tó bá jẹ́ abẹ́ àgbọ̀n ni, oówo ni mo máa kọ́kọ́ fura sí: koríko líle gún un lẹ́nu, kòkòrò Streptococcus gba ibẹ̀ wọlé. Ọyún ẹ̀ ki gan-an, kì í ṣàn. Tó bá jẹ́ ìdí ọmú, nítòsí itan, ẹ má fi falẹ̀ o. Jẹjẹrẹ ọmú ń mú akọ náà.

Ìyá Bọ́lú
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn dókítà ẹran ti fún wa lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní kó má jẹun láti alẹ́ tó ṣáájú.

Adẹ́ran
Ẹ bá wọn sọ ọ́ kíákíá mà. Ajá àti ológbò ni wọ́n ń febi pa báyẹn torí èébì. Ẹmọ́ kì í bì. Tí inú ẹ̀ bá ṣófo pẹ́, ìfun á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ gbé koríko tó mọ̀ dání, kó lè jẹ ẹ́ gbàrà tó bá jí. Ẹ sì bèèrè oògùn ìrora, torí ẹmọ́ tó ń jẹ̀rora kì í jẹun.

Nílé, aṣọ ìnura mímọ́ ni kó sùn lé, kì í ṣe ìyẹ̀fun pákó, torí ìyẹn ń lẹ̀ mọ́ ojú abẹ. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀ lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Bó bá ti ń sún mọ́ gíráàmù 830, ẹ pe dókítà. Bí kò bá jẹun, ẹ rẹ oúnjẹ oníhóró ẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ pò ó kó dà bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ fi sírínjì kékeré fún un láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, lẹ́yìn eyín iwájú. Ìdajì mílílítà lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ kó gbé e mì kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Àpapọ̀ ojúmọ́ kan á tó mílílítà 50 sí 70, ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ọ̀rẹ́ Ẹmọ́
Fítámìn C ńkọ́? Ara ẹmọ́ kì í ṣe é fúnra ẹ̀, egbò kì í sì í san dáadáa láìsí i. Mílígíráàmù 30 lójúmọ́ tó fún un, ní ẹnu tààrà. Ó máa ń bàjẹ́ nínú omi mímu. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi kókó tí wọ́n bá gé ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n má dà á nù.