Gbohùngbohùn, àdúnkù, ìbádún: ẹ jẹ́ ká ya mẹ́ta yìí sọ́tọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀rọ orin béèrè orúkọ tí a lè fún reverberation, ìyẹn ohùn tó ṣì ń dún nínú yàrá lẹ́yìn tí ẹni tó dá a sílẹ̀ ti dákẹ́. Ẹnì kan dáhùn pé gbohùngbohùn ti tó, kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Ẹlòmíràn mú "ìdáhùn yàrá" wá. Ẹnì kẹta ní sípíkà gan-an ni òun mọ̀ sí gbohùngbohùn, nítorí náà kí a wá nǹkan mìíràn. Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè ṣẹlẹ̀ sí ohùn, oògùn kálukú wọn sì yàtọ̀. Bí a bá fún wọn ní orúkọ kan ṣoṣo, owó ni àwọn tó máa ka ìwé ẹ̀gbọ́n wa yóò máa ná síbi tí kò sí àrùn.

Ojú mi ló rí i. Nígbà tí mo kó dé ilé tí mo wà yìí, pálọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú lóòró, táìsì nílẹ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́ dán, P.O.P. lókè. Kí ẹrù tó wọlé, mo pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìró yẹn kò kú síbẹ̀. Ńṣe ló ń yí, bí ìgbà tí ọmọrí ìkòkò bá bọ́ sórí táìsì tó ń yí ara rẹ̀ kó tó sinmi. Mo ra kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, mo ta aṣọ fèrèsé onílọ̀ọ́po méjì, mo to ìwé kún ògiri kan. Nígbà tí mo tún pàtẹ́wọ́, ó dún pà, ó tán. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Mo wá gbé sípíkà méjì sí igun yàrá, mo fi orin jùjú kan sí i. Ìyá mi, tó wá kí wa, jókòó sórí àga tó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí, wọ́n ní, "Kí ló ń lù mí láyà báyìí? Ẹ dín in kù." Èmi tí mo dúró láàárín gbùngbùn yàrá, gìtá béèsì tí wọ́n ń sọ, n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ rárá. Mo lọ jókòó tì wọ́n. Béèyàn bá gbé odó sínú àyà mi tó ń gún un, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo padà sáàárín yàrá, ó pòórá. Orin kan náà, sípíkà kan náà, ìṣísẹ̀ méjì ló wà láàárín èmi àti ìyá mi.

Ohun tó fà á rèé. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66. Ohùn tí ìgbì rẹ̀ gùn ní ìlọ́po méjì ìyẹn ni yóò bá ìbú yàrá náà mu rẹ́gí, òun sì ni ohùn tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 47 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá béèsì, bí wọ́n bá ta á láìtẹ̀ ẹ́, ń gbọ̀n ní ìgbà 41, nítorí náà bí olùta gìtá bá ti gùn ún sókè díẹ̀, ó ti bọ́ sórí ohùn tí pálọ̀ mi fẹ́ràn. Yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dún. Ibi tó ti ń bá a dún jù ni ẹ̀bá ògiri, àárín yàrá sì ni ohùn yẹn ti ń ṣófo. Nítorí pé ìbú àti òòró rẹ̀ dọ́gba, ọ̀nà méjèèjì ló ń ti ohùn kan náà lẹ́yìn. Igun tí mo gbé sípíkà sí tún wá dá kún un. Kápẹ́ẹ̀tì kò rí nǹkan ṣe sí i, torí ìgbì tó gùn ju mítà 7 lọ kò mọ̀ pé kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ kí a máa pè ní ìbádún. Bí a ṣe ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn tí a ń pè é ní ìbákẹ́dùn, bẹ́ẹ̀ ni yàrá ń bá gìtá dún. Òun ló tún ń jẹ́ kí gíláàsì fèrèsé máa gbọ̀n rìrì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ìdí tí n kò fi gba "ìdáhùn yàrá" nìyí: lédè wa, ẹni tó ń dáhùn ń dúró kí ìbéèrè parí ná. Yàrá ò dúró de ẹnikẹ́ni. Òun àti gìtá ni wọ́n jọ ń dún.

Gbohùngbohùn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ tó ti ń ṣe látilẹ̀. Ẹni tó bá dúró ní ìdojúkọ àpáta tó kígbe, tí igbe rẹ̀ sì padà wá bá a ní odindi, gbohùngbohùn ló gbọ́. Ṣùgbọ́n kí etí tó lè mọ ohùn tó padà sí ọ̀tọ̀, ó ní àkókò tó gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú ogún ìdá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín ìyẹn, ohùn á ti rin mítà 17, àlọ àti àbọ̀. Ògiri tó máa dá a padà gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 8 ààbọ̀. Pálọ̀ ta ló tóbi tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Ohùn tó bá padà kíá ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àkọ́kọ́ ni. Kò sí gbohùngbohùn nínú yàrá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12.

Ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ tí mo pàtẹ́wọ́, ìyẹn reverberation tí ẹ̀gbọ́n wa béèrè, àdúnkù ni mo pè é, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó dáadáa. A ní àjẹkù, a ní àlòkù, a ní àgékù, a ní àfọ́kù. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a jẹun ni àjẹkù, ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí nǹkan dún ni àdúnkù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dábàá rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi kan, ó takò mí pé òjò náà ń kù, ààrá ń kù, kí la fẹ́ fi mọ̀ pé kì í ṣe kíkù ti òjò ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà? Àtakò gidi ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kà sókè yìí tí kù inú rẹ̀ ń tọ́ka sí ìró. Ẹni tó bá gbọ́ àdúnkù fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ àjẹkù ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Ọ̀rẹ́ mi tún ní àjẹkù kò níyì, pé ìdúnpẹ́ yìí sì dára fún akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbà pé ó dára fún wọn. Àgékù aṣọ náà níyì lọ́wọ́ télọ̀ tó mọ ohun tó fẹ́ fi í rán.

Wallace Clement Sabine, olùkọ́ físíìsì, ni ẹni tó kọ́kọ́ wọn àdúnkù bó ṣe yẹ, ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1895. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sí ilé Fogg, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ń dún níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 ààbọ̀ lẹ́yìn tí olùkọ́ ti sọ ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì mọ ohun tó ń sọ. Òru ni Sabine máa ń kó tìmùtìmù àga láti ilé eré Sanders wá síbẹ̀, á tò wọ́n, á fun fèrè dùùrù, á sì máa ka àkókò títí etí rẹ̀ kò fi ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ sí i ni àdúnkù ń kúrú. Lónìí, àkókò àdúnkù ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí agbára ohùn fi ń já wálẹ̀ dé ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan. Èèyàn náà ń gbé ohùn mì, pàápàá aṣọ ọrùn wọn, ìdí nìyẹn tí gbọ̀ngàn tí àwọn onílù yẹ̀ wò lófìfo ṣe máa ń dún bí ibòmíràn nígbà tí àwọn aláṣọ ẹbí bá ti kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju bí ó ṣe kan ọ̀pọ̀ lọ. Àmì ohùn nìkan ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀. Kò ní ètè, kò ní ahọ́n. Ọkọ́, ọkọ, ọkọ̀: òkè, àárín, ìsàlẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn. Bí àdúnkù bá gùn, ohùn òkè tó yẹ kó ti kú á ṣì máa dún lórí ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oríkì á sì di ariwo. Ẹ fi àwo àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá sínú yàrá tí kò ní nǹkan kan nílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ máa gbọ́ ohun tí ìlù ń wí.

Ti sípíkà, kí á fi sípíkà sílẹ̀ bó ṣe wà. Gbohùn ni láti gba ohùn, sípíkà kì í gba ohùn, ó ń tú u síta ni. Máíkù ni orúkọ yẹn bá mu. Àmọ́ fún ẹnu méjèèjì tó wà lára àpótí rẹ̀, mo ní àbá. Ẹnì kan ti ní ká pe ńlá ní ìyá, ká pe kékeré ní omele. Ọmọ Àyàn kan sì bi í pé ṣé ìyáàlù kì í lọ sókè ni. Òtítọ́ ló sọ. Ìlù bàtá ni kí á wò: ìlù kan, ojú méjì. Ńlá ni ojú òjò, kékeré tó ń dún ṣáká ni ṣáṣá. Ní Kúbà títí dòní, enú ni wọ́n ń pe ojú ńlá, chachá ni wọ́n ń pe kékeré. Mo fara mọ́ ojú òjò fún èyí tó ń gbé béèsì, àti ṣáṣá fún èyí tí a ti ń gbọ́ ṣaworo ìyáàlù. Bí àwọn tó ń tà á ní ọjà Alábà bá ṣì ń pe ojú òjò ní wúfà, kò burú, ìwé ẹ̀gbọ́n wa lè kọ méjèèjì.

Mo ti gbé sípíkà kúrò ní igun, mo sì fa àga ìyá mi kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Wọ́n tẹ́tí sí orin ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní, "Gìtá yẹn ti ń sọ̀rọ̀ báyìí."

Ìbéèrè kan ló kù lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Àyàn ni mo sì ń bi. Nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá ti kúrò lójú awọ tí ìlù ṣì ń dún, kí ni àwọn bàbá yín ń pe èyí tó ń dún yẹn? Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wà lẹ́nu yín, mo ṣetán láti jọ̀wọ́ àdúnkù fún un lónìí.